Nípa Ọ̀dà Pupa Tó Wà Lára Ilé Yín

Agboolé Olókè,
Fìdítì.
Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta, ọdún 1992.

Jùwọ́nlọ, Àkànní ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé Adéjọkẹ́ ìyàwó mi ń ṣe dáadáa, ṣé ikọ́ ti fi Ìníolúwa sílẹ̀? Ọlọ́run tó sin mí wá sọ́dọ̀ yín lóṣù tó kọjá, tó tún sin mí padà wálé, kò ní fi yín sílẹ̀, ẹsẹ̀ yín kò ní kọ, ẹnu ọ̀nà yín kò ní di ibi tí wọ́n ń sá fún. Àmín. Tó o bá fẹ́ mọ̀ nípa tèmi, mo wà láàyè, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ajé tí lẹ́tà rẹ ti dé, ìdajì ẹ̀kọ ni mo ń jẹ lóòjọ́, mo sì ti rù débi pé sùtánà tí mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì gba èmi méjì báyìí, àyè tún kù fún ẹnì kan.

Ilé dára. Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀pẹ̀yìnbó sì pọ̀ létí títì débi pé ewúrẹ́ pàápàá ti ń ṣa èyí tó dùn jẹ. Sìrájù onígẹdú ṣì wà láyé, kò tíì tọrọ àforíjì lórí ilé ewúrẹ́ mi tó fi igi wó. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

O kọ̀wé pé àwọn oníná mànàmáná wá fi ọ̀dà pupa kọ àmì sára ilé mẹ́tàlá tí wọ́n máa kọ́kọ́ fa iná sí, pé ọ̀tá kan ti fọ gbogbo àmì náà dànù, àti pé ìwọ tó o jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù ni wọ́n ní kó o wá ọ̀tá náà jáde. O ní ìgò karosíìnì Àbọ̀dé, ayálégbé ilé kẹta, ni ẹ bá nídìí ògiri alága, pé tó bá di Sátidé, ẹ máa kó ẹrù òun àtìyàwó rẹ̀ síta. O wá ní kí n bá ọ gbàdúrà kí Ọlọ́run tú àṣírí ẹni tó ṣe é. Àkànní, àdúrà náà ti gbà kí n tó kúnlẹ̀. Èmi ni.

Jọ̀ọ́ jókòó, kí o mu omi, torí mo mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ máa ń ru. Ṣé o rí i, àdúgbò Ìrètí-Ayọ̀ yín yẹn ti ń bà mí lẹ́rù láti ọjọ́ tí mo ti dé. Ẹ wà lẹ́yìn Mọ́níyà níbẹ̀, níbi tó ti rẹ ìgboro Ìbàdàn, tí igbó náà kò sì tíì gbà láti lọ. Kí àkùkọ tó kọ, gbogbo yín á ti sáré jáde nílé bí ẹni tí wọ́n ń lé, ilẹ̀ á ṣú kí ẹ tó wọlé, mo sì ń bi ara mi pé ta ló ń lé wọn. Ẹ kò ní Baálẹ̀, alága ni ẹ ní. Kò sí sàréè kan ṣoṣo nínú ọgbà ẹnikẹ́ni, mo ní ilẹ̀ tí wọn kò tíì sin bàbá kankan sí, ta ló máa jẹ́rìí fún wọn pé tiwọn ni. Ìgò fífọ́ kún orí fẹ́ǹsì yín, mo fara balẹ̀ wò ó títí mo fi mọ bí lánlọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ṣe ń mutí tó. Ti alága yín tó ń ṣe díákónì ló pọ̀ jù. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ilé tó tẹ̀ lé tiyín tún kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé ilé náà kì í ṣe títà, Adéjọkẹ́ ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ní Fìdítì níbí, ẹni tí kò ta ilé rẹ̀ kì í ké gbàjarè, àfi tí ẹnì kan bá ti fẹ́ bá a tà á lẹ́yìn. Mo tún rí fáànù tó so rọ̀ lájà yín bí àdán, tí kò mira, àti gílóòbù mẹ́sàn-án tí kò tan rí, ìwọ sì ń fi aṣọ nù wọ́n ní gbogbo Sátidé bí ẹní ń wẹ ọmọ tuntun. Mo rò pé ọ̀ṣọ́ ilé ni.

Ọjọ́ kẹrin ni mo rí ọ̀dà pupa lára ògiri rẹ, lẹ́tà méjì àti nọ́ńbà. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, ó wà lára gbogbo ilé títí dé ìsàlẹ̀. O kò sí nílé lọ́dún tí Sìrájù kọ irú rẹ̀ sára igi arère ẹ̀yìn ilé ìdáná mi. Mo ṣe bí eré ọmọdé ni. Kí n tó ti oko dé lọ́jọ́ kẹta, igi ti wà nílẹ̀, ilé ewúrẹ́ mi wà lábẹ́ rẹ̀, Sìrájù sì ní ṣé n kò rí àmì ni, pé òun ti sanwó rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ. Láti Fìdítì dé Ìlọrà, ọmọ tó ń mu ọmú mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sí lára, wọ́n ti rà á, wọ́n ń bọ̀ wá wó o. Mo ní wọ́n ti ta ọmọ mi tilé-tilé, kò sì mọ̀.

Ẹ ti lọ síbi iṣẹ́. Mo lọ bá Àbọ̀dé, mo tọrọ karosíìnì díẹ̀. Ó rò pé sítóófù ni mo fẹ́ tàn, ó gbé odidi ìgò kan fún mi, ó ní Màmá, ẹ má wulẹ̀ dá a padà. Mo mú kànrìnkàn, mo fọ ti ilé rẹ, ó mọ́ nini. Ìgbà yẹn ni mo wá rò ó pé Ọlọ́run kò ní inú dídùn sí i tí mo bá gba ọmọ tèmi là, tí mo fi àwọn tó ń kí mi káàárọ̀ sílẹ̀ kí ilé wó lù wọ́n. Mo fọ gbogbo àdúgbò, ìdí ògiri alága ni karosíìnì tán sí, mo sì gbàgbé ìgò síbẹ̀. Apá mi kò gbéra fún ọjọ́ mẹ́ta. N kò sọ fún ọ torí mo fẹ́ kí o rí oorun sùn.

Àkànní, kò tán síbẹ̀. Kí n tó fọ ilé àwọn aládùúgbò, mo ń da àmì wọn kọ sínú ìwé kan, mo sì gbé ìwé náà fún ẹgbẹ́ aládùúrà wa. Ọjọ́ méje gbáko la fi gbààwẹ̀, a tan àbẹ́là méje yí i ká, a ń bẹ Ọlọ́run pé kí ọ̀nà Ìrètí-Ayọ̀ dàrú mọ́ ẹni tó ni àmì náà lójú. Lẹ́tà rẹ wá sọ pé àwọn oníná fẹ́ padà wá lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n wá àdúgbò yín tì. Ìgbà tí mo ka ibẹ̀ ni mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wòlíì wa ní ó ṣeé yí padà, àmọ́ ọjọ́ mẹ́ta mìíràn ni, àti àbẹ́là tuntun.

Nítorí náà, mo ti gba ìwé náà padà, èmi àti Amos tó ń kọ pátákó fún ṣọ́ọ̀ṣì wa ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì wá tún àwọn àmì náà kọ bí wọ́n ṣe wà nínú rẹ̀. Bá wa wá owó ọ̀dà pupa agolo kan, owó búrọ́ọ̀ṣì, owó mọ́tò wa àlọ àtàbọ̀, owó àbẹ́là, àti ìgò karosíìnì kan tí n óò fi ọwọ́ ara mi gbé fún Àbọ̀dé lórí ìkúnlẹ̀. Má jẹ́ kí wọ́n gbé ẹní rẹ̀ síta. Tí wọ́n bá ní dandan ni kí ẹnì kan kúrò ládùúgbò, sọ fún wọn pé ẹni náà ti kúrò, ó wà ní Fìdítì, ìdajì ẹ̀kọ ló ń jẹ.

Ọlọ́run tó mọ ọ̀nà ilé gbogbo ènìyàn yóò fi ọ̀nà ilé yín han àwọn oníná. Ojú kò ní tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ nítorí mi. Ohun tó o ti ń retí kò ní tutù mọ́ ọ lọ́wọ́. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tí kò rí oorun sùn,
Ìyá Jùwọ́nlọ.

Mo ti fẹ́ lẹ àpòòwé pa kí n gbé e fún onímọ́tò, ni mo bá tún ka àwọn àmì inú ìwé náà. Méjìlá ni. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹrin, méjìlá ni. Ilé tìrẹ ni mo kọ́kọ́ sáré fọ̀, ẹ̀rù kò jẹ́ kí n rántí dà á kọ. Jọ̀wọ́, ọmọ mi, ṣì máa nu fáànù náà.