Ibi Tí Mo Fi Sílẹ̀ Lófìfo Nínú Fọ́ọ̀mù

Màámi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àdúrà, ẹ sì kú wàhálà àwọn ọmọ kíláàsì yín. Mo kúnlẹ̀ fún ẹ̀yin àti Dádì. Bàbá àgbà ńkọ́, ṣé orúnkún ò dùn wọ́n mọ́? Àǹtí Bọ́lá, àbúrò yín tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn níbí, ní kí n kí yín.

Mo fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn àwọn ọmọ Ìlá kí gbogbo ayé lè kà á. Mo mọ̀ pé ẹ ó bèèrè ẹni tó rán mi níṣẹ́. Ẹ jẹ́ n rojọ́ mi ná.

Ṣé ẹ rántí pé ilé-ẹ̀kọ́ girama tí mò ń lọ ní Amẹ́ríkà gbà kí n máa lọ ṣe kọ́ọ̀sì ní yunifásítì kan tó wà nítòsí. Tí a bá ti jáde lọ́sàn-án, màá wọ bọ́ọ̀sì, màá lọ jókòó láàárín àwọn tó ti bímọ, a ó jọ máa ṣe ìṣirò. Òtútù ibẹ̀, ẹ gbà mí! Yìnyín á wọnú bàtà mi, mi ò sì rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Nígbà míì mo máa ń kí ara mi kú iṣẹ́, kí n ṣáà lè gbọ́ Yorùbá sétí. Kọ́ọ̀sì márùn-ún ni mo ṣe, mo yege nínú gbogbo wọn. Ẹ̀yin nìkan ni mo sọ fún, ẹ sì kìlọ̀ pé kí n pa á mọ́ra, pé ẹnu ayé lẹbọ.

Mo gbọ́ràn, Màámi. Mo gbọ́ràn jù. Nígbà tí mo ń kọ fọ́ọ̀mù sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wù mí, èyí tó jẹ́ pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n ń mú nínú èrò rẹpẹtẹ, wọ́n bèèrè ẹ̀kọ́ yunifásítì tí mo ti ṣe. Mo fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Mo ní tí wọ́n bá mú mi tán, màá sọ.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n dáwọ́ gbígba fọ́ọ̀mù dúró, ni màmá òyìnbó tó ń bójú tó ìwé wa nílé-ẹ̀kọ́ bá ka fọ́ọ̀mù náà. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n bèèrè bóyá ara mi ò yá. Mo ṣàlàyé pé nílé wa, a kì í pariwo ohun rere tí ò tíì tẹ̀ wá lọ́wọ́. Wọ́n ní àwọn bọ̀wọ̀ fún ìyá mi, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa mú ọmọ tó fi ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ pamọ́. Àǹtí ò lágbára àtirán mi lọ síbòmíì tí a ti máa sanwó. Ilé búrẹ́dì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Sátidé ni ǹ bá máa wà.

Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Odidi wákàtí kan ni mo fi kọ ìlà àkọ́kọ́, pé mo mọ ìṣirò dáadáa. Ojú tì mí bí ẹni bọ́ṣọ lójú ọjà. Lẹ́yìn náà ọwọ́ mi yá. Mo kọ kọ́ọ̀sì márààrún, mo kọ ti bọ́ọ̀sì àti yìnyín, mo sì kọ pé ẹ̀yin lẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ́ mi ní ìṣirò lára ilẹ̀kùn ilé ìdáná.

Màámi, wọ́n mú mi! Wọ́n mú mi o! Wọn ó sanwó ilé-ìwé, ti oúnjẹ, ti ibùsùn. Àǹtí Bọ́lá pariwo títí aládùúgbò fi sáré wá, ó rò pé ilé ń jó ni.

Nígbà tí mo pè yín, mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni títí màá fi fọwọ́ síwèé. Ẹ ní ẹ ti gbọ́. Ẹ ò tíì pa fóònù tí mo fi ń gbọ́ ohùn yín ní títì, ẹ ń pe Ìyá Rẹ̀mí elépo, ẹ tún dá ọlọ́kadà tó ń lọ Òkè-Ìlá dúró kó wá gbọ́! Mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú mi. Gbogbo ọdún yẹn tí mo rò pé ẹ̀rù ayé ló ń bà yín, àṣé ayọ̀ ló kún yín lẹ́nu, tí ẹ ń gbé e mì nítorí tèmi.

Ẹ̀mí yín á gùn, ẹ ó jèrè ọmọ. Mo ti fọwọ́ síwèé báyìí, ìdí nìyí tí èmi náà fi pariwo nínú ìwé ìròyìn; ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, kí ẹ sì máa pariwo lọ.

Èmi ni, ọmọ yín,
Tọ́pẹ́