Ẹ̀rọ Ìsáré Tó Wà Nínú Yàrá Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, àbíkẹ́yìn mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé ọ̀gá rẹ obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín sì ti ń rẹ́rìn-ín? Bí o bá béèrè wa, a wà láàyè, a ń mí, a ń jẹun, ìyá rẹ ní kí n fi kún un pé òun ń jẹun jù mí lọ. Àdúrà wa ni pé ẹsẹ̀ rẹ kò ní ṣì ọ́ gbé, ilẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ibi tí o bá sì ń lọ ni wàá dé, kì í ṣe bí èmi tí mo fi bí oṣù mẹ́ta sáré tí n kò kúrò nínú yàrá rẹ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìsáré tí o fi ránṣẹ́ sí mi ni mo fẹ́ bá ọ sọ. O lè máa rò ó pé kí ló dé tí bàbá mi tún ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi pín lẹ́tà kiri àdúgbò yìí kí wọ́n tó fún mi ní ìwé ìfẹ̀yìntì, n kò sì rí lẹ́tà kan tó sọ fún mi rí pé òun kò rí nẹ́tíwọ̀kì. Jókòó kí o kà á, má kà á níbi tí o ti ń rìn.

Kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀. O rántí pé dókítà wò mí, ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, ó ní láti ìgbà tí mo ti gbé àpò lẹ́tà sílẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi ti ń sinmi jù, kí n máa sáré díẹ̀díẹ̀ láràárọ̀. Mo gbọ́ sí i lẹ́nu. Ọjọ́ kejì mo wọ ṣòkòtò penpe, mo bọ́ sójú títì, mo bẹ̀rẹ̀ eré. N kò tíì kọjá iwájú ilé káfíńtà tí káfíńtà fi ju òòlù sílẹ̀ tó ń sáré tẹ̀ lé mi. Onígbàjámọ̀ náà fi abẹ sílẹ̀, òun àti oníbàárà rẹ̀ ki eré mọ́lẹ̀. Kí a tó dé afárá, a ti pé mẹ́sàn-án, kò sì sẹ́ni tó béèrè ohun tó ń lé wa títí tí èémí fi tán nínú mi tí mo dúró. Ìgbà náà ni káfíńtà wá bi mí pé níbo ni iná ti ń jó. Mo ní kò síná níbì kankan, dókítà ló ní kí n máa sáré. Ó ní àgbàlagbà kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún, bí kò bá lé ejò, ejò ni ń lé e, ó sì bínú lọ. Oníbàárà onígbàjámọ̀ ló bínú jù, torí ààbọ̀ orí ni wọ́n tíì fá fún un, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe gba ojú títì padà.

Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ojú wọn ti mọ́ mi. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì máa ń dúró lẹ́nu géètì rẹ̀, ó ní èmi lòun fi ń mọ aago. Àfi ọjọ́ tí àwọn tó ń ri páìpù omi gbẹ́ kòtò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tí wọn kò sọ fún mi, mo já sínú rẹ̀, orúnkún mi wú. Ìwọ náà gbọ́, o ní ó tó gẹ́ẹ́, o ní kò sí ìsáré ìta mọ́, o sì ra ẹ̀rọ tí èèyàn fi ń sáré lójú kan, o fi ránṣẹ́. O kú ìtọ́jú wa. Ọmọ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún bàbá rẹ̀, ọmọ tirẹ̀ náà yóò ṣe é fún un.

Ọkùnrin méjì ló gbé e wọlé. Ìyá rẹ rò pé bẹ́ẹ̀dì ni, ó ti ń wá aṣọ tí yóò tẹ́ sórí rẹ̀. Yàrá rẹ nìkan ló gbà á, a sì gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ dúró ní ìdúró sára ògiri kó lè ráyè. Oníṣẹ́ iná tó wá tò ó ní ẹ̀rọ náà ní ìbéèrè tó fẹ́ bi mí. Ó béèrè ọjọ́ orí mi, mo sọ ọ́. Ó béèrè bí mo ṣe wúwo tó, mo sọ ọ́, ìyá rẹ tún un ṣe. Ó wá béèrè ohun tí mo fẹ́ kó bá mi ṣe kí ọdún tó parí. Mo rò ó dáadáa, mo ní kó kọ ọ́ pé mo fẹ́ kí àbíkẹ́yìn mi wá sílé, torí ọdún kẹta nìyí. Ó wò mí, ó ní òǹkà nìkan ni ibẹ̀ ń gbà. Mo ní kó kọ ọ̀kan nígbà náà, pé ẹ̀ẹ̀kan náà tó. Ó kọ kìlómítà márùn-ún lójúmọ́.

Lẹ́yìn náà ló ní òun ti so ó mọ́ fóònù rẹ, pé ohun gbogbo tí mo bá ń ṣe lórí ẹ̀rọ náà, ìwọ yóò máa rí i níbi tí o wà. Mo ní ṣé ohun gbogbo? Ó ní ohun gbogbo. Láti ọjọ́ náà, n kì í gùn ún láìwẹ̀. Mo máa ń dé fìlà iṣẹ́ mi, mo máa ń kí ọ káàárọ̀, màá sì máa ròyìn ilé fún ọ bí mo ṣe ń sáré. Mo sọ fún ọ pé òrùlé ilé ìdáná ń jò. Mo sọ fún ọ pé aránṣọ tó wà lójúde wa bí ìbejì, tó jẹ́ pé aṣọ ọmọ kan ṣoṣo ló ti rán sílẹ̀. Mo sọ fún ọ pé ìyá rẹ ń wúkọ́. Ọ̀rọ̀ ikọ́ yẹn, ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi sọ ọ́, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ, mo ń sọ ọ́. Èsì tí mo rí nínú fóònù kò ju àwòrán àtàǹpàkò kan lọ, lójoojúmọ́, ní agogo mẹ́jọ.

Àtàǹpàkò náà rú mi lójú. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹni tí kò bá lè kọ orúkọ ara rẹ̀ la máa ń ní kó fi àtàǹpàkò tẹ ìwé, láti fi hàn pé ẹrù rẹ̀ ti dé ọwọ́ rẹ̀. Mo sì mọ̀ pé mo rán ọ níléèwé, mo ṣì ní ìwé owó iléèwé náà lọ́wọ́. Mo sọ fún ìyá rẹ pé bóyá ọwọ́ ń dùn ọ́. Ó ní rárá, pé ohun tí o ń sọ ni pé o ti gbà á, o kò sọ pé o ti kà á. Nígbà tó yá, òun náà gun ẹ̀rọ, ó ní bí òun bá fẹnu ara òun sọ ọ̀rọ̀ ikọ́ náà, bóyá o máa dá ohùn òun mọ̀. Lọ́jọ́ náà òǹkà di mẹ́jọ, o sì fi àtàǹpàkò méjì ránṣẹ́. Inú ìyá rẹ dùn títí di ọ̀sán, lẹ́yìn náà inú rẹ̀ kò dùn mọ́.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe wà tí wáyà iná fi já ní ìkóríta, kò síná fún ọjọ́ mẹ́rin. Orúnkún mi ti san, wọ́n sì ti dí kòtò náà, mo ní kí ẹsẹ̀ mi má bàa gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀, mo bọ́ sójú títì. Ní ọjọ́ kejì, kí n tó bọ́ bàtà, fóònù dún, ìwọ ni. O ní òǹkà ti di òdo láti àná, o ní ṣé mo ṣubú ni, ṣé mo wà nílé ìwòsàn ni, kí wọ́n má fi nǹkan pa mọ́ fún ọ. Mo ní mo wà níbí, bàtà ni mo fẹ́ bọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan tí a fi sọ̀rọ̀. O gbọ́ nípa ikọ́, bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí, o ní kí ìyá rẹ wú u kí o gbọ́ bó ṣe ń dún. O gbọ́ nípa ìbejì aránṣọ, o sì rẹ́rìn-ín. A ti gbàgbé bí ẹ̀rín rẹ ṣe máa ń kọ́kọ́ há sí imú kó tó jáde. Nígbà tí o parí, ìyá rẹ ṣì gbé fóònù sétí fún ìgbà díẹ̀, ó ní bóyá ó ku nǹkan.

Iná dé, mo gun ẹ̀rọ, mo sá kìlómítà márùn-ún, agogo mẹ́jọ lù, àtàǹpàkò dé.

Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé a kò pinnu láti tàn ọ́ jẹ. Ìwádìí la ṣe, mo sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé tí mo fi ń kọ lẹ́tà sílẹ̀ nígbà iṣẹ́. Ọjọ́ Ajé a pa ẹ̀rọ, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun o pè. Ọjọ́rú a tàn án, àtàǹpàkò. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a pa á, o pè. A tàn án, àtàǹpàkò. Ìgbà kẹta tí a pa á, o pè, ṣùgbọ́n o kánjú, o ní ẹ̀rọ ló bàjẹ́, o sì rán alátùn-únṣe wá. Ó tú u, ó wò ó, ó tún un dè, ó ní kò sí nǹkan tó ṣe é, kí gan-an ni mo rí. Mo ní ohun tó ṣe é ni pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó gba omi mu, ó lọ.

Kí n má purọ́ mọ́ ẹ̀rọ náà. Òjò kì í pa mí lórí rẹ̀, kò ní kòtò, bí mo bá sì ní kó dúró, á dúró. Ajá káfíńtà kì í lé mi níbẹ̀, ajá tó ti ń lé mi láti ìgbà tí mo ti ń gbé lẹ́tà wá fún ọ̀gá rẹ̀. Ní báyìí tí mo ti padà sí ìta, ajá náà ti darúgbó, ó máa ń dìde, á gbó lẹ́ẹ̀kan, á tún jókòó, èmi náà á dẹsẹ̀ díẹ̀ kí ojú má tì í. Ògiri ni mò ń wò nínú yàrá rẹ. Mo ti mọ ibi tí o fi pẹ́ńsù kọ orúkọ rẹ sí lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ti mọ ihò ìṣó méje tó wà níbẹ̀, n kò sì mọ ọ̀kan nínú wọn nígbà tí o ń gbé inú rẹ̀. Lójú títì, bí mo bá pẹ́ kí n tó kọjá, nọ́ọ̀sì á béèrè ìdí rẹ̀.

Ìgbà tí o pè kẹ́yìn, o bínú. O ní bí òǹkà yìí bá tún lè di òdo, wàá gba ààyè lẹ́nu iṣẹ́, wàá wá sílé wá fojú ara rẹ wò ó. O sọ ọ́ bí ẹni ń dẹ́rù ba èèyàn. Èmi àti ìyá rẹ wo ojú ara wa. Kò pẹ́ tí o gbé fóònù sílẹ̀ tí ìyá rẹ fi lọ yọ wáyà ẹ̀rọ náà lára ògiri, ó ká a, ó tì í mọ́ inú àpótí rẹ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má sọ nǹkan kan fún ọ, ká má gbé fóònù bí o bá pè, pé kí ọjọ́ méjì tó pé, wàá ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ, mo sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ ń wu mí í rí, ọmọ mi, n kò ní fi pamọ́. Ṣùgbọ́n mo rò ó láti ilé dé afárá, mo tún rò ó bọ̀. Mo ti fi lẹ́tà àìsàn àti lẹ́tà ikú lé ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́, mo mọ bí ọwọ́ ṣe máa ń wá etí àpò ìwé tí kò ní rí i. N kò fẹ́ kí o gbé irú ọwọ́ yẹn wọ ọkọ̀. Nítorí náà ni mo ṣe kọ èyí, màá sì gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ fúnra mi, eré ni màá sá débẹ̀. Òdo tí o ń rí yẹn, ara líle ni. Dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní ó ti wálẹ̀. Ìta ni mo yàn, ibẹ̀ ni màá sì ti máa sáré. Bí o bá ti ka èyí tán, tí o bá ní àtàǹpàkò nìkan lo lè fi ránṣẹ́, n óò gbà pé lẹ́tà dé, n kò ní bínú. Ìyá rẹ ní òun máa bínú.

Ohun tí mo fẹ́ tọrọ kò pọ̀. Bí ọwọ́ rẹ bá ká a, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún páànù ilé ìdáná, méjì péré ló ń jò. Bàtà tí mo fi ń sáré náà ti lanu níwájú, mo fẹ́ òmíràn, ṣùgbọ́n ìyẹn ni kí o má fi ránṣẹ́, má sì fi owó rẹ̀ ránṣẹ́. O ti mọ ọjọ́ orí mi, o mọ bí mo ṣe wúwo tó, oníṣẹ́ iná ní o mọ iye ìgbà tí ọkàn mi ń lù ní ìṣẹ́jú kan pàápàá. Bí ẹsẹ̀ mi ṣe gùn tó nìkan ni kò sí nínú fóònù rẹ, n kò sì ní kọ ọ́ síbí. Ìgbàkígbà tí àyè bá gbà ọ́, n óò nà án fún ọ kí o wọ̀n ọ́n.

Ọ̀nà yóò là fún ọ ní àlọ, yóò là fún ọ ní àbọ̀. O kò ní sá eré tí kò ní ibi tí yóò gbé ọ dé. Ilé tí o ti jáde yóò máa wà ní ṣíṣí fún ọ, a ó sì wà nínú rẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ, tó ti padà sójú títì.

Ìyá rẹ ka lẹ́tà yìí kí n tó lẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé òun kò fọwọ́ sí òótọ́ tí mo sọ yìí rárá. Ó ti ní kí káfíńtà bá wa gbé ẹ̀rọ náà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, orí rẹ̀ ló ń sá aṣọ sí báyìí, ó sì ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ sí àyè rẹ̀.