Èso Píìṣì Kì í Wọ Ilé Yìí

Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù Kẹfà
Danbi, ọmọ ọmọ mi, fi nǹkan kan sínú fóònù mi kó tó padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ ní Busan. Bí mo bá ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ń kọ ọ́ sílẹ̀. N kò mọ̀wé kà, nítorí náà kò lè dójú tì mí.

Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ náà ń kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń ṣòwò o — ìtàn ni wọ́n ń kà, ìtàn ni wọ́n ń kọ. Mo ní ta ni yóò sanwó fún irọ́. Ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ̀yin náà ń purọ́ nípa bí ẹja tẹ́ ẹ pa ṣe tóbi tó, ta ló ń sanwó fún yín?" Ẹnu ọmọ yìí! Ìyá Munho, ìyàwó mi, ló jọ. Ó ń lọ sí ọdún kan tó ti kú.

Ọjọ́rú, 7
Òjò. N kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 11
Danbi wálé. Ó ti kọ ìtàn ìparí sáà rẹ̀, lórí ìyá rẹ̀ àgbà. Tí kò bá yege, yóò tún kíláàsì náà ṣe. Ó ní wọ́n á ka ìtàn ẹni sókè, àwọn tó kù á máa tú u wò, ẹni tó kọ ọ́ kò gbọdọ̀ lanu. Mo ní bí òkú tó jókòó nídìí oúnjẹ rẹ̀ nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun máa jí ọ̀rọ̀ náà lò.

Ó ń yí i sí èdè Kòríà wa bó ṣe ń kà á. Ó dára. Ó dára títí ó fi dé ibi oúnjẹ ọjọ́ ìrántí, tí à ń gbé kalẹ̀ kí òkú wá jẹ. Ó gbé píìṣì síwájú òkú! Píìṣì tó ń lé òkú lọ! Èmi ni àkọ́bí ilé yìí, ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo baba ńlá wa ti ń jẹun, n kò gbin igi rẹ̀ rí. Mo pariwo pé ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyá rẹ̀ àgbà. Ó ní ìyá àgbà òun fẹ́ràn rẹ̀ ni. Mo ní irọ́, àádọ́ta ọdún, obìnrin yẹn kò fẹnu kàn án.

"Nínú ilé yìí kọ́, Bàbá àgbà. Ọ̀nà ọjà ni. Àwa méjèèjì la jọ máa ń jẹ ẹ́. A ó fọ ẹnu ká tó wọlé."

Ó lọ láìjẹun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13
Mo pe Munho, ọmọ mi. Mo bi í. Ó ní, "Gbogbo wa la mọ̀, Bàbá. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ ò mọ̀." Mo pa fóònù.

Ọjọ́bọ̀, 15
Kí ló tún kù tí n kò mọ̀?

Ọjọ́ Ẹtì, 16
Danbi pè. Ó ti yọ píìṣì kúrò, ó fi ápù rọ́pò. Olùkọ́ rẹ̀ ní nǹkan kan ti kú nínú ìtàn náà, òun kò mọ ohun tó pa á. Ọjọ́ Ajé ló máa fi ìtàn náà lé olùkọ́ lọ́wọ́. Ó ní kí n má bínú mọ́. Ohùn rẹ̀ gbẹ.

Mo ní kó dá a padà síbi tó wà. Ó ní, "Píìṣì?" Mo ní àbí etí rẹ ti di ni. Ó ní oúnjẹ ìrántí tiwa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ńkọ́, ṣé a máa gbé píìṣì kalẹ̀? Mo ní kó má dán an wò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20
Ọjọ́ ìrántí ìyàwó mi. Ìrẹsì, ọbẹ̀, ẹja, ápù. Kò sí píìṣì. Mo ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún un. Munho bu ọtí. Ó kan ọ̀rọ̀ tí à ń fi pe òkú wá jẹun, èmi ló yẹ kí n sọ ọ́. Mo ní kí Danbi ka ìtàn rẹ̀.

Munho wojú mi. "Bàbá, ṣé kò sí o?"

Ọmọ náà ní ṣé kí òun yí i sí èdè wa. Mo ní rárá, bó ṣe kọ ọ́ ni kó kà á. Àwọn baba ńlá mi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ohunkóhun tó bá fi Gẹ̀ẹ́sì gbé wọlé kò lè lé wọn. Ìyá Munho náà kò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó mọ ohùn ọmọ ọmọ rẹ̀.

N kò lóye nǹkan kan. Mo kúnlẹ̀, mo ń gbọ́. Ó dé ibì kan, ohùn rẹ̀ rọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ibi píìṣì nìyẹn.

Mo ní kó tún ibẹ̀ kà.