Ìyá Ṣọlá, Ẹni tí ó Tọ́jú Àmù àti Orúkọ (1949–2025)

Ní ìlú Ìpàpó ni a bí Màmá wa, Ìyá Ṣọlá, ní oṣù kẹjọ ọdún 1949, nígbà tí iṣu tuntun ń wọlé. Olóògbé Àyàndélé, àgbẹ̀ oníṣu, ni bàbá wọn. Olóògbé Ojúọlápé, tó ń ta ẹ̀gúsí, ni ìyá wọn. Nínú àwọn ọmọbìnrin ilé náà, Màmá nìkan ló lọ sí ilé ìwé, nítorí pé wọ́n fi ọjọ́ mẹ́ta gbáko sunkún títí agara fi dá bàbá wọn.

Wọ́n gba ìwé ẹ̀rí Gíréèdì Túù ní 1969. Ní 1972, wọ́n fẹ́ Olóògbé Akíntọ́lá Jẹ́ẹ́dé, nọ́ọ̀sì, ọmọ agboolé àwọn amọ̀kòkò ní Ṣakí. Mùsùlùmí ni ìyá ọkọ wọn, ọmọ ìjọ ni Màmá, ṣùgbọ́n a ò gbọ́ ìjà láàárín wọn rí, àfi lórí ọ̀rọ̀ iyọ̀ inú ọbẹ̀. Màmá ṣe iṣẹ́ olùkọ́ títí di 2004. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí ló ti jẹ ẹgba wọn, ẹ ò sì gbọdọ̀ sẹ́.

Nígbà tí ìlú Ṣakí ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré oníyàrá méjì ní 2009, Màmá ni wọ́n ní kó máa tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá wọlé, wọn á kọ́kọ́ béèrè agboolé rẹ̀, wọn á sì mú un lọ síwájú ohun tó ti ilé rẹ̀ wá: aṣọ òfì, ère, ọkọ́, fọ́tò àtijọ́. Àwọn tó kàn wá pa àkókò níbẹ̀ máa ń nu ojú kí wọ́n tó jáde.

Ní 2011, Màmá gbé àmù ńlá tí ìyá ọkọ wọn mọ wá síbẹ̀. Orí káàdì rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe àṣìṣe. Ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ìyá ọkọ, ọwọ́ Màmá kò sì lè kọ ohun tí ẹnu wọn kò pè rí. Wọ́n kọ ọ́ pé, “Ìyá Àdìgún ló mọ ọ́n.” Àdìgún ni ẹ̀gbọ́n ọkọ wọn. Ṣùgbọ́n Ìyá Àdìgún mélòó ló wà ní Ṣakí?

Ní 2016, Màmá lọ bá ọmọ wọn, Rẹ̀mílẹ́kún, wẹ ọmọ tuntun ní Ìjíò. Kí wọ́n tó padà dé, Alhaja Misturat àti ẹbí rẹ̀ wá wo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, wọ́n rí káàdì náà, wọ́n sì bú sẹ́kún ayọ̀. Ìyá Àdìgún ni gbogbo ìlú ń pe ìyá bàbá tiwọn náà. Ìgbìmọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé bá gbé àmù fún wọn. A ò pe ẹnikẹ́ni lólè. Ìfẹ́ ìyá ló fà á.

Nígbà tí Màmá dé, tí wọ́n sì béèrè àmù náà, Ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n sọ orúkọ ẹni tó mọ ọ́n gan-an. Tíṣà tó ti fi ọdún gbọọrọ pe orúkọ ọmọ ilé ìwé kò lè pe ti ìyá ọkọ wọn. Àwọn kan rò pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ó dun Màmá wọra.

Wọ́n lọ kúnlẹ̀ síwájú Bàbá Mákánjúọlá, olórí ẹbí ọkọ wọn, pé kí wọ́n fún àwọn láṣẹ láti pe orúkọ náà. Ọjọ́ Àìkú mẹ́ta ni àwọn àgbà fi jiyàn. Níkẹyìn Bàbá ní, “Ìyàwó wa, pè é. Bí o ò bá pè é, ará ibòmíì á gbé ìyá wa lọ.”

Màmá gba ilé Alhaja Misturat lọ, wọ́n sì pe orúkọ náà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́rìnlélógójì: Mùyìbátù Àbẹ̀kẹ́. Ìyá Alhaja, arúgbó tó wà lórí ẹní, dìde jókòó. “Ọ̀gá mi nìyẹn! Òun ló kọ́ mi níṣẹ́. Ẹ wo ọrùn àmù yẹn, ilà mẹ́ta ló máa ń fà sí i.” Wọ́n wò ó, ilà mẹ́ta ni. Alhaja fúnra rẹ̀ ló bá Màmá gbé àmù padà lọ́jọ́ náà. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n láti ìgbà yẹn, Alhaja sì wà láàárín wa lónìí.

Láti ìgbà náà ni Màmá ti ń lọ láti agboolé dé agboolé, tí wọ́n ń tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà, tí wọ́n sì ń tún káàdì kọ. Obìnrin mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ń jẹ́ orúkọ ara wọn níbẹ̀ báyìí. Inú wa dùn sí èyí ju bí a ṣe lè sọ lọ.

Màmá sùn nínú Olúwa ní oṣù kẹta ọdún 2025. Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀: Olúwaṣọlá, Rẹ̀mílẹ́kún àti Adétòkunbọ̀, pẹ̀lú ọmọ ọmọ méje, tí Treasure jẹ́ àbíkẹ́yìn wọn.

Nígbà tí àìsàn wọ̀ wọ́n lára, wọ́n pe Débọ́lá, ìyàwó Ṣọlá, wọ́n ní òun ni kó ka ìtàn yìí létí ibojì, kó sì pe orúkọ àwọn. Débọ́lá sunkún, ó ní ẹnu òun kò gbà á. Màmá ní, “Ìyá Ṣọlá pọ̀ ní Ṣakí. Èwo lẹ fẹ́ sin?”

Débọ́lá, ìyàwó wa, àṣẹ ti wà lọ́wọ́ rẹ. Kà á sókè:

Olúwafọlákẹ́mi Àṣàkẹ́ Jẹ́ẹ́dé, kí ilẹ̀ Ṣakí tù yín lára. Ó di òwúrọ̀ àjíǹde, Màmá.