Ọṣẹ Olómi Tí O Fi Ránṣẹ́ Ti Dé

Fọlákẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́, mo kí ojú ọ̀nà Àgídìngbì tí ò ń tọ̀ láràárọ̀. Ọlọ́run tó ń mú ọ jáde láàárọ̀ á máa mú ọ wọlé ní alẹ́, ẹ̀rọ bisikíìtì tí ò ń dúró tì kò ní pa ọ́ lára, ojú rere ni ọ̀gá rẹ á máa fi wò ọ́. Bàbá rẹ kí ọ. Ẹsẹ̀ wọn ti fúyẹ́, wọ́n ti ń lọ sóko lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní ọjọ́ yòókù wọ́n á jókòó síwájú ilé, wọ́n á máa wá àléébù mi. Ewúrẹ́ wa ti bí méjì. N kò fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù nítorí o máa ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu, ìwé ni o kò lè já gbà.

Nùréènì awakọ̀ ti gbé ìgò ọṣẹ olómi tí o fi rán an dé lọ́jọ́ Jímọ̀ kan lóṣù tó kọjá. Mo dúpẹ́, mo tún dúpẹ́. Nígbà tí mo rí àwòrán ọsàn wẹ́wẹ́ lára rẹ̀, mo pè é ní ohun mímu, mo sì gbé e pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì de àlejò. Ọpẹ́lọpẹ́ Ìyá Nusrat ti ilé kejì tó bá mi kà á pé abọ́ ni wọ́n fi ń fọ̀, ǹ bá ti bu ún fún pásítọ̀ wa. Bàbá rẹ yẹ ẹ̀yìn ìgò náà wò, wọ́n rí àwọn ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tó dúró ṣánṣán, wọ́n ní ilà ojú ìdílé ẹni tó ṣe ọṣẹ náà nìyẹn, ó fi síbẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà sọ pé tòun ni. Wọ́n ní àwọn ò rí irú ilà bẹ́ẹ̀ rí ní gbogbo Ìjẹ̀bú.

Ọjọ́ kejì ni mo dán an wò lára ìkòkò ìkọ́kọrẹ́ tó jóná mọ́dìí. Ìyá Nusrat ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀kán kan ti tó. Mo ní ahun ló kọ bẹ́ẹ̀, mo da odidi ife kan sí i. Fọlákẹ́, ọṣẹ náà hó. Ó kún ìkòkò, ó kún bàsíà, ó sọ̀kalẹ̀, ó ń lọ sí ilé adìyẹ, bí mo sì ṣe ń da omi lé e pé kí ó tán ló ń pọ̀ sí i. Kóróbá omi méje ni mo fà nínú kànga. Bàbá rẹ ń wò mí láti orí àga, wọ́n ní ṣé gbogbo abúlé ni mo fẹ́ fọ̀ ni. Nígbà tí wọ́n jẹ ẹ̀bà tán lọ́jọ́ náà, wọ́n gùnfẹ̀, wọ́n ní òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ làwọn ń gbọ́.

Láti ìgbà náà, ẹ̀kán kan ni mò ń lò, gbogbo abọ́ ilé wa sì ń mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. O mọ bí ọṣẹ eléérú ṣe bó mi lọ́wọ́ tí n kò lè fọwọ́ kan ata mọ́. Ó ti jinná. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, Bàbá rẹ di ọwọ́ náà mú, wọ́n ní ọwọ́ ìyàwó àwọn ti padà dé. Mo sunkún díẹ̀, mo ní ọṣẹ ló ta sí mi lójú.

Ìdí nìyí tí mo fi wò ó pé kò yẹ kí n dákẹ́ láì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó tà á fún ọ. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Nọ́ńbà fóònù sùpámákẹ́ẹ̀tì tí o ti rà á wà lára ìgò, Ìyá Nusrat bá mi tẹ̀ ẹ́. Obìnrin kan kọ́kọ́ ń sọ pé kí n tẹ ení, kí n tẹ èjì. Mo kí i, kò dáhùn. Mo béèrè àwọn ọmọ rẹ̀, kò dáhùn, mo ní wọn ò kọ́ ọ nílé. Lẹ́yìn náà wọ́n kọrin fún mi, mo jó díẹ̀. Ìgbà tó yá, ọmọbìnrin kan gbé e, ó ní Fọláyọ̀ lorúkọ òun, kí ni ẹ̀sùn mi lórí ọjà àwọn. Mo ní n kò ní ẹ̀sùn, mo kàn wá dúpẹ́ ni. Ó ní kí n tún un sọ. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń jókòó síbẹ̀, ẹnìkan ò pe òun dúpẹ́ rí.

O sì mọ̀ pé a kì í dúpẹ́ oore lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo tún pè é láti sọ pé ẹ ṣé ti àná. Ó rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kẹta, mo bi í bóyá ó ti rí ọmọ mi tó ń bá wọn rajà ní Àgídìngbì, adúmáadán tó ní èjí lẹ́nu, ṣé ó sanra. Ó ní fóònù nìkan lòun ń gbé, òun kì í rí oníbàárà. Ó wá ní ọṣẹ yẹn ni owó rẹ̀ kéré jù nínú gbogbo ọṣẹ àwọn, àwọn tó ń ṣọ́wó ná ló ń rà á, ọṣẹ yẹn kan náà ló wà nílé òun.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo ti ń yangàn ní abúlé pé ọṣẹ olówó ni ọmọ mi rà. Mo wá rántí pé bàtà kan náà lo wọ̀ wá sílé ní Kérésì méjì, mo sì rántí pé tí mo bá bi ọ́ bóyá o ti jẹun, n kì í tíì sọ ọ́ tán kí o tó ní o ti jẹun. Ẹni tó ti jẹun kì í yára bẹ́ẹ̀. Ò ń ṣọ́wó ná, o sì rántí ọwọ́ ìyá rẹ. Inú mi dùn, inú mi sì bàjẹ́.

Ní ti owó, mo ti fẹ́ ní kí o fi owó páànù ilé ìdáná ránṣẹ́, Bàbá rẹ ní kí n pa á rẹ́, òjò kì í rọ̀ lójoojúmọ́. Owó káàdì fóònù nìkan ni kí o fi ránṣẹ́, nítorí Fọláyọ̀ á máa retí mi láàárọ̀.

Mo ti rọ ìyókù ọṣẹ náà sínú ìgò àgbo, mo so aṣọ pupa mọ́ ọn lọ́rùn kí Bàbá rẹ má baà mu ún. Ìgò tìrẹ ni mo rọ epo sí, epo tuntun tí mo fọwọ́ ara mi fún, mi ò lè dá ìgò ọmọ mi padà lófìfo. Gàrí àti ẹja gbígbẹ wà nínú àpò. Ẹ̀ẹ̀meje ni mo fọ ìgò náà, ọṣẹ inú rẹ̀ náà ni mo sì fi fọ̀ ọ́, nítorí náà bí ọbẹ̀ rẹ bá hó díẹ̀, má bẹ̀rù.

Bí o ṣe wo ọwọ́ mi sàn, Ọlọ́run á fi ohun rere kún ọwọ́ tìrẹ. O kò ní ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn jẹ. Bí epo náà bá tán, fún Nùréènì ní ìgò náà kí ó gbé e bọ̀. Má fi nǹkan kan sí i, òfìfo ni mo fẹ́ kí ó dé. Bí ó bá tètè dé, màá mọ̀ pé ò ń jẹun.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àjíṣọlá