Eegun Ẹja Tó Há Bàbá Kékeré Lọ́fun

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Parakou níbí. Mo kí bàbá mi, mo kí ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi àti gbogbo agboolé wa ní Ṣábẹ̀. Ẹ kú ọyẹ́ o. Tibí yìí ti mú kí ètè wa là.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ìjọ ni mo gbé ọ̀rọ̀ wa sí. Lẹ́tà méjì ni mo ti kọ tí ẹ ò fèsì. Èyí, mo mọ̀ pé wọ́n á kà á sí yín létí.

Àdùnní ọmọ-ọmọ yín ni. Ó ń ṣẹ́jú láìdúró, èjìká rẹ̀ ń fò sókè, ọ̀fun rẹ̀ ń dún bí ẹni tó fẹ́ húkọ́. Kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Olùkọ́ rẹ̀ ní ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, ó lé e wálé. Láti ìgbà náà, ìdí aṣọ tí mo ń tà ní ọjà Arzèkè ló ń jókòó sí, tó ń fọwọ́ bo ẹnu. Ó ti sú mi, ìyá mi. Mi ò lẹ́nì kankan níbí tí mo lè finú hàn.

Àwọn dókítà kan wá sí ilé ìwòsàn wa: ọ̀kan láti Faransé, ọ̀kan láti Dakar, ọ̀kan jẹ́ Yorùbá ará Ìbàdàn. Wọ́n ní àìsàn yìí wà níbi púpọ̀, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń fà á, ìdí nìyẹn táwọn fi pawọ́ pọ̀ wádìí rẹ̀. Ará Ìbàdàn yẹn bi mí bóyá ẹnì kan nínú ẹbí wa ní irú rẹ̀ rí. Ohun táwọn ẹbí ọkọ mi bi yín gan-an nìyẹn nígbà tí wọ́n wá tọrọ mi, tí ẹ ní kò sí. Ọkọ mi jókòó tì mí. Mo ní kò sí.

Bàbá Kékeré, àbúrò yín, ńkọ́? Títí ó fi kú ni èjìká rẹ̀ ń fò, tí ọ̀fun rẹ̀ ń dún. Ẹ ní eegun ẹja ló há a lọ́fun ní kékeré. Eegun ẹja wo ló ń mú èèyàn máa ṣẹ́jú?

Kí oṣù yìí tó parí, àwọn dókítà á lọ. Mo fẹ́ padà lọ sọ òótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ta ló tún ní in? Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ lára Bàbá Kékeré? Mo bẹ̀ yín. Ọkọ mi á ka ìwé yìí. Kó kà á. Bó bá fẹ́ lé mi, kó lé mi.

Níjọ́sí, aládùúgbò wa ní Banikanni bi mí pé kí ló ń ṣe Àdùnní. Kí n tó mọ̀, mo ti ní eegun ẹja ni. Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, Àdùnní bi mí pé ìgbà wo lòun jẹ ẹja ọ̀hún.

Ọlọ́run á dá yín sí, á jẹ́ kí ẹ fojú yín rí ọjọ́ tí ara ọmọ yìí á balẹ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé. Ẹ fi èsì rán ẹni àkọ́kọ́ tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin bọ̀ níbí.

Èmi ni ọmọ yín,
Ìyá Àdùnní