Fọ́ọ̀mù Eyín Tí Mo Kọ Rárá Sí

Bọ́lọ́rundúró,
Ọjọ́ Ajé.

Ọmọ́wùnmí, ọmọ mi àtàtà,

Ẹ kú ọ̀wọ́n ọjà o, ẹ kú ìfaradà. Ọkọ rẹ ńkọ́? Iṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká ńkọ́? Olúwa tó jí yín lónìí kò ní jẹ́ kí ẹ fi ebi sùn. Àwa náà ṣì ń mí. Òjò ti ba kòkó jẹ́, màmá rẹ kí ọ, ṣùgbọ́n inú wa bàjẹ́ gan-an ni, n ò ní purọ́ fún ọ.

Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ Túnmiṣe ni. O rántí pé ìwọ lo ní ká mú un wá sí Àkúrẹ́ kí wọ́n fi wáyà fa eyín rẹ̀, nítorí pé tòkè yọ síta, kò bá tìsàlẹ̀ pàdé. Òní ló pé ọjọ́ mẹ́sàn-án tí àgbọ̀n rẹ̀ há. Ó ń jẹ iṣu, nǹkan dún pàá níwájú etí rẹ̀, ẹnu kò sì là dáadáa mọ́. Ṣíbí tíì nìkan ló ń wọ ẹnu rẹ̀. Ògì la fi ń gbé e ró, ó sì ti rù débi pé síkẹ́ẹ̀tì iléèwé rẹ̀ ń bọ́ nídìí rẹ̀. Mo ní kí Akínsànyà tó ń tún rédíò ṣe bá wa dẹ wáyà náà díẹ̀, ó ní ẹ̀mú òun tóbi jù.

Mo wá pe dókítà eyín, wọ́n ní kí n fi àwòrán egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́. Mo tan iná fóònù, mo gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ títí ó fi gbóná, mo ya mẹ́fà. Wọ́n ní awọ làwọn rí, àwọn ò rí egungun kankan. Mo ní kí wọ́n má bínú, fóònù mi ti gbó.

Ìgbà yẹn ni wọ́n béèrè ohun tó já mi láyà. Wọ́n ní ṣé oríkèé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò ti ń dún kí àwọn tó fi wáyà sí i? Wọ́n ní rárá ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ débẹ̀, pé ká ní àwọn mọ̀ ni, oríkèé yẹn làwọn ì bá kọ́kọ́ tọ́jú.

Ọmọ mi, rárá ni mo kọ sí gbogbo rẹ̀. Ṣé o ò mọ bí a ṣe ń kọ fọ́ọ̀mù níbí ni? Lọ́dún tí wọ́n gbé fọ́ọ̀mù ajílẹ̀ wá, Adébùsóyè kọ bẹ́ẹ̀ ni síbi àìsàn nítorí làkúrègbé rẹ̀, kò rí àpò kan gbà. Láti ìgbà náà, rárá ni gbogbo wa ń kọ látòkè délẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ béèrè nínú fọ́ọ̀mù eyín yìí bóyá ọmọ náà ní òbí tó ń tọ́jú rẹ̀, rárá náà ni mo kọ.

Dókítà ní ká mú un wá ní Ọjọ́bọ̀, ká má fi agbára ya ẹnu rẹ̀. Jọ̀ọ́, bá wa wá owó ọkọ̀ àti owó ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán egungun. Kí o sì ṣáájú wa lọ bá mi tọrọ fọ́ọ̀mù náà, kí n tún un kọ. Bóyá tí mo bá yí i padà, àgbọ̀n náà á dẹ̀.

Ohun kan wà tí n ò tíì sọ fún màmá rẹ. Ẹ̀gbẹ́ mi ni Túnmiṣe jókòó sí lọ́jọ́ tí mò ń kọ fọ́ọ̀mù náà. Ó fọwọ́ kan ìbéèrè yẹn, ó ní Bàbá, tèmi máa ń dún. Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí ìwé. Títí di òní, kò tíì fi ẹjọ́ mi sun ẹnikẹ́ni. Ó dùn mí ju kó bú mi lọ.

Olúwa á bù kún ọ. Á fún ọ lọ́mọ, á sì fún ọ ní etí tí wàá fi gbọ́ wọn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Fọlárìn